Bí Raihanath Ṣe Fẹ́ Mú Saidalavi Wálé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan tí òjò kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan jáde sójú òkun ní èbúté Beypore, Raihanath gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí ìrẹsì, ó sì jókòó ti Vellimma, ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ó ní kí ìyá àgbà fojú sí i dáadáa, pé yóò rí ẹnì kan tó mọ̀.

Inú ọmọbìnrin náà ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni yóò gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ síwájú àwọn olùdánwò ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà tó wà ní Kozhikode. Bí ó bá yege, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n ní Kochi ti fi àyè kan ṣoṣo sílẹ̀ dè é. Bí kò bá yege, àyè náà di ti ẹlòmíràn, òun yóò dá kọ̀ǹpútà padà fún ilé-ẹ̀kọ́ tó ni ín, yóò sì bá Umma, ìyá rẹ̀, jókòó sídìí ẹja gbígbẹ. Kò sí kọ̀ǹpútà mìíràn nílé wọn, kò sì sí ẹni tó máa rà á.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, bí ẹni ń fọ ìkòkò ló ṣe ń yí ọwọ́ kiri lórí ẹ̀rọ. Ó kọ́ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ìwé kí ojú má baà rẹ òǹkàwé, ó kọ́ bí a ṣe ń fi àwọ̀ bá àwọ̀ mu, ó sì wá kọ́ èyí tó fẹ́ràn jù lọ, bí a ṣe ń mú àwòrán rìn. Àwòrán tó ń rìn kò ju ọ̀pọ̀ àwòrán lọ, tí ẹ̀rọ ń ṣí tẹ̀lé ara wọn wéréwéré. Èèyàn yóò yà á kí ẹsẹ̀ sún síwájú díẹ̀, kí ọwọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, yóò máa yà á lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹni inú àwòrán yóò fi gbéra. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ̀rọ yóò pa wọ́n pọ̀ di fíìmù kan. Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní síse, nítorí pé bí ẹ̀wà ló ṣe ń pẹ́ lórí iná.

Ohun tí ìdánwò béèrè kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jáde nílé, kí ó sì wọlé padà. Ológbò ni Ambili, ọ̀rẹ́ rẹ̀, yà. Raihanath mú Saidalavi, ọkọ Vellimma, ẹni tó bá ọkọ̀ onígi lọ sójú òkun nígbà tí Umma ṣì wà lẹ́nu ọmú. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò rí ọkọ̀ náà, kò sì rí i. Kò sí òkú tí wọ́n wẹ̀, kò sí sàréè tí wọ́n lè nawọ́ sí. Fọ́tò kan péré ló kù, nínú agolo bísíkíìtì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá rò ó pé ohun tí òkun gbà, bóyá ẹ̀rọ lè dá a padà.

Ó tẹ bọ́tìnì. Ilé wọn hàn lójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú igi àgbọn ẹnu ọ̀nà àti afárá kékeré tó wà lórí gọ́tà. Saidalavi jáde tòun ti ẹrù léjìká, ìró funfun tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń pè ní mundu sì ń gbá a lẹ́sẹ̀. Vellimma na ìka, ó fi kan ojú ẹ̀rọ.

"Òun nìyẹn," ó ní. "Wò bó ṣe ń ju apá bí ẹni ń lé adìyẹ."

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Saidalavi gba orí afárá kọjá, ó wọ ojú ọ̀nà, ó sì pòórá. Kò pẹ́ tó tún yọ láti ojú ọ̀nà náà, ó ń bọ̀ wálé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín Vellimma ti dá. Bí ọkùnrin náà ṣe ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó fa ìbòrí rẹ̀ bo irun, ó sì kọ ojú sí ògiri, bí àwọn obìnrin ilé ṣe ń ṣe nígbà tí àlejò ọkùnrin bá já wọlé láìkí ènìyàn.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè.

"Ọkọ yín ni, Vellimma. Wọ́n ti dé."

"Rárá o. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í ṣe ará ilé wa. Wo etí ìró rẹ̀."

Raihanath wò ó, ara rẹ̀ sì tutù. Ní ilẹ̀ wọn, gbogbo ọkùnrin ló ń ró ìró funfun, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí a máa fi etí rẹ̀ sí òsì, àwọn yòókù a fi í sí ọ̀tún. Ọmọdé ti ń mọ èyí kó tó mọ ìwé kà. Saidalavi jáde nílé pẹ̀lú etí ìró ní òsì, ó sì padà dé pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀tún.

Ó yé e bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Raghavan, olùkọ́ wọn, a máa sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà pé ohun tí ẹ̀rọ bá lè yí padà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ yà á lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, àlọ nìkan ló yà. Ó ní kí ẹ̀rọ yí i sí òdì, bí ojú ṣe ń yí nínú dígí, kí àlọ lè di àbọ̀. Ó rántí dá ẹrù padà sí èjìká ọ̀tún. Ó rántí aago ọwọ́. Ìró tí ó ń rí lára gbogbo ọkùnrin àdúgbò láti ìgbà tó ti dáyé ni kò wá sí i lọ́kàn.

Ó pe Ambili lórí fóònù. Ambili rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́.

"Bàbá àgbà jáde nílé ní Mùsùlùmí, wọ́n wọlé bíi bàbá tèmi," ó ní. "Sọ fún wọn kí wọ́n wá bá wa jẹun lọ́dún Onam ilé wa."

Nígbà tó gbọ́ pé ẹnì kejì kò rẹ́rìn-ín, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ṣòkòtò ni àwọn olùdánwò ń wọ̀, ta ni yóò máa wo ìbàdí ẹlòmíràn. Ó ní bí Raihanath bá tú iṣẹ́ náà báyìí, kò ní parí dọ̀la láéláé. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Rai. Kochi ńkọ́?"

Òótọ́ ni Ambili sọ, Raihanath sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Vellimma ṣì kọjú sí ògiri, ìbòrí sì wà lórí rẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn ló kọ́kọ́ gbà. Ó gé etí ìró náà kúrò ní ọ̀tún, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òsì. Etí náà dúró gbagidi bí àsíá lára òpó, kò bá itan lọ, kò bá ẹsẹ̀ bọ̀. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ẹ̀rọ ògbólógbòó náà takú. Nígbà tó tún tàn án, gbogbo ohun tó ti ṣe láti àárọ̀ ti lọ bí iyọ̀ inú omi. Ó di orí mú. Kò tíì tú u sílẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná lọ ní gbogbo àdúgbò, bátìrì kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Umma tó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ oníyọ̀ wò ó títí. Ó ní kó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé-iṣẹ́ yìnyín tó wà ní èbúté, pé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kú, nítorí ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Hamsakka, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìnyín, fún un ní àpótí kan nítòsí ibi tí yìnyín ti ń já bọ́ sílẹ̀ gbì, gbì. Nígbà tó gbọ́ ìṣòro rẹ̀, ó họ irùngbọ̀n.

"Ọmọ mi, ṣé o ò rí ọkùnrin tó ń rìn rí ni?"

"Mo ń rí wọn, Hamsakka. Mi ò wò wọ́n ni."

Hamsakka na ìró rẹ̀ dáadáa, etí rẹ̀ sì wà ní òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ níwájú rẹ̀, àyà síwájú, ọwọ́ ń fì. Àwọn alágbàṣe tó ń gbé yìnyín dúró ń wò ó. Ọ̀kan bi í bóyá ìyàwó tuntun ló ń lọ wò. Òmíràn ní ìyàwó wo, ẹni tí ewúrẹ́ ọjà pàápàá kì í yà fún mọ́. Hamsakka ní kí wọ́n gbé yìnyín, kí wọ́n fi ìrìn sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn.

"Ẹ má yan, Hamsakka," Raihanath bẹ̀ ẹ́. "Ẹni tó ti pẹ́ lójú òkun ni. Ó ti rẹ̀ wọ́n."

Ọkùnrin náà dúró, ó ronú díẹ̀. Ó gbé àpò yìnyín kan sí èjìká, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ti di àjèjì sí. Etí ìró náà ń lẹ̀ mọ́ itan rẹ̀, ó ń tú, ó tún ń lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ju ẹnì kan lọ nínú wọn tó ní ẹni tí òkun kò dá padà.

Raihanath bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Ó yà á títí ìka rẹ̀ kò mọ ohun tó dì mú mọ́ nítorí òtútù. Wọ́n kírun ọ̀sán, wọ́n kírun Àsárì, ó ṣì ń yà á. Gbogbo ìgbà tó bá gbójú sókè, ó ń wo bí ọ̀nà inú àwòrán ṣe gùn tó láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó sì ń wo bí Saidalavi ṣe ń lọ́ bọ̀. Bí ó bá mú kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ gùn sí i, yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kó máa yà á lọ.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, ó mọ̀ pé àkókò ti tán. Ẹ̀rọ yẹn yóò gba gbogbo òru kó tó se fíìmù náà jinná. Bí kò bá gbé e kaná nísinsìnyí, kò ní rí ohunkóhun mú lọ lọ́la. Saidalavi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan lé afárá ni. Àbọ̀ àtijọ́, èyí tí ẹ̀rọ yí sí òdì, ṣì wà níbi tó fi í pamọ́ sí. Ó lè so ó mọ́ ọn láti orí afárá dé ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀ ló kù kó wọlé, àwọn olùdánwò kò sì ní mọ̀.

Ó so ó mọ́ ọn. Ó wò ó. Saidalavi gun orí afárá, àlejò sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Raihanath tún un wò: etí ìró àlejò náà wà ní ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló já a kúrò, ó sì tẹ bọ́tìnì síse.

Lọ́jọ́ kejì, ológbò Ambili jáde nílé, ó wọlé padà, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan Raihanath, wọ́n tan fíìmù tirẹ̀ sára ògiri. Ọkùnrin náà lọ, ó ń bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé afárá, ojú ògiri sì ṣókùnkùn. Obìnrin kan nínú àwọn olùdánwò béèrè ìdí tí kò fi wọlé. Nínú bọ́ọ̀sì, Raihanath ti to èsì tó gbọ́n sílẹ̀ nípa òkun àti ìdúródè, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó wá sẹ́nu rẹ̀.

"Àkókò ló tán, mà."

Raghavan, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wò ó pẹ̀lú àánú. "Raihanath, mo rí iṣẹ́ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wọlé. Níbo lo gbé ìyókù sí?"

"Ẹni yẹn kọ́ ló wọlé, sà."

Olùkọ́ náà yí sí àwọn olùdánwò. Wọ́n fọ̀rọ̀ wérọ̀ láàárín ara wọn, ó sì pẹ́. Obìnrin náà ló sọ ìdájọ́, ó rọra sọ ọ́. Ó ní àwọn kò rí ìrìn tó dà bí ti àbọ̀ ọkùnrin náà lọ́jọ́ náà. Ó ní síbẹ̀, ìbéèrè ni pé kó wọlé, kò sì wọlé. Kí ọmọbìnrin náà padà wá ní ìdánwò ọdún tó ń bọ̀.

Ambili ni ilé-iṣẹ́ Kochi mú. Òun ló sunkún nínú àwọn méjèèjì, ó ń ní kí Raihanath sọ̀rọ̀ sí òun, kó tilẹ̀ bú òun. Raihanath ní kó lọ fi oúnjẹ fún ológbò rẹ̀. Ó wá gbé kọ̀ǹpútà lọ fún akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó yọ ìpẹ́ ẹja kan jáde láàárín àwọn bọ́tìnì, tó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

Nígbà tó délé, Umma wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ bu omi ìrẹsì àti ẹja díndín fún un. Vellimma jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó wọlé?"

"Rárá, Vellimma. Orí afárá ló dé."

"Afárá wa yìí?"

"Afárá wa yìí."

Ambili ti fi fíìmù náà ránṣẹ́ sórí fóònù Umma. Raihanath gbé e lé ìyá àgbà lọ́wọ́, ìyá àgbà sì gbé e sún mọ́ imú. Saidalavi lọ. Saidalavi ń bọ̀. Ọwọ́ Vellimma gbéra lọ sí ibi ìbòrí rẹ̀, Raihanath sì tẹjú mọ́ ọn. Ọwọ́ náà nu ojú, ó sì padà sórí itan. Irun funfun náà wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

"Ẹrù yẹn wúwo ju ti ìgbà tó ń lọ lọ," Vellimma sọ. "Kí ló rà bọ̀ fún wa?"

Raihanath gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó sì sun ẹkún tó ti ń pa mọ́ra láti àárọ̀ àná. Vellimma kò pẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ọwọ́ kan tú irun rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù kó lè tún fíìmù náà wò, ó sì ń tẹ ibi tí kò yẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò dá díẹ̀, àwọn ọkọ̀ sì jáde. Raihanath bá ìyá rẹ̀ lọ sídìí ẹja, ó jókòó sórí ẹní, ó ń fi iyọ̀ ra ẹja. Àwọn ọkùnrin ń gba iwájú wọn kọjá lọ sí èbúté, àwọn mìíràn sì ń bọ̀. Ó gbé ojú sókè kúrò lára ẹja, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.