Alùpùpù Bàbá Mi àti Iṣu Màmá Mi

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síhìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kí ó wá sí ilé wa ní Ìkọ̀lé, kí ó wo ilẹ̀ pálọ̀ wa. A ti fi ọṣẹ, eérú àti kànrìnkàn fọ àbàwọ́n ọ́ìlì tó wà níbẹ̀, kò kúrò.

Màmá mi ní oko iṣu lójú ọ̀nà Ìtapàjí. Lọ́dọọdún, orí ni wọ́n fi ń ru iṣu náà dé etí títì, nítorí ọ̀nà oko náà kò gba mọ́tò. Nígbà tó yá, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n débi pé bí a bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni wọ́n fi ń yíjú. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ru ẹrù mọ́. Nígbà náà ni bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, dìde dúró láàárín pálọ̀, wọ́n sì kéde bí ẹni tó ń díje fún ipò gómìnà:

"Iṣu kankan kò ní gun orí rẹ mọ́. Mo máa ra alùpùpù."

Ohun tí wọ́n rà kì í ṣe alùpùpù. Ó ti jẹ́ alùpùpù rí ni. Ẹ̀yìn ilé ẹnì kan ní Ọ̀yẹ́ ni wọ́n ti rí i, níbi tí adìyẹ ti ń yé ẹyin lórí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní ojúlé wa, tòun ti ìyẹ́ adìyẹ lára rẹ̀, aládùúgbò wa jáde síta. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwọn náà ló máa ń lu ẹrù ìkórè ní gbàǹjo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí náà ẹnu wọn kì í sinmi.

"Tíṣà, ẹ kú ará fẹ́raku o! Ìgbà wo la máa sin ín?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ máa rí i."

"Mo ti ń rí i. Adìyẹ tó ni ín ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ti gbé e?"

Bàbá mi kò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n ní ẹni tó kàwé kò gbọdọ̀ sanwó fún ohun tí ọpọlọ lè ṣe. Nítorí òjò, wọ́n gbé e wọ pálọ̀, wọ́n sì tú u palẹ̀. Ojú fóònù ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Nígbà tí mo béèrè bí wọ́n ṣe ń lóye rẹ̀, wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀." Láìpẹ́, ṣéènì alùpùpù wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ màmá mi, ó ń mu kẹrosíìnì. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n tú lára rẹ̀ kún inú agolo mílíìkì. Kabúrétọ̀, ibi tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì, jókòó lórí tábìlì tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, olùkọ́ mi sì béèrè ìdí tí àròkọ mi fi ń rùn bí ilé epo.

Nígbà tí wọ́n to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ tán, bóòtù ṣì kù ní ìkúnwọ́ kan. Bàbá mi wò wọ́n, wọ́n ronú, wọ́n sì ṣe ìdájọ́.

"Àwọn tó ṣe é ló fi àníjù sí i."

Síbẹ̀, mo ti búra pé òtítọ́ ni mo máa kọ. Ní ọ̀sán Sátidé kan, alùpùpù náà wú ikọ́, ó yọ èéfín dúdú, ó sì ké. A pariwo. Màmá mi jó láti ilé ìdáná dé ojúlé. Bàbá mi kùn ún ní ọ̀dà pupa, wọ́n fi ìlà aláwọ̀ wúrà sí ìhà táńkì, wọ́n sì dan irin rẹ̀ títí a fi lè wo ojú wa nínú rẹ̀. Ní alẹ́, wọ́n ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Èmi àti àbúrò mi ló ni bùláńkẹ́ẹ̀tì náà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ó tó àkókò láti wa iṣu, màmá mi kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀.

"Dádì, ẹ kú uṣẹ́. Uṣu ti ń dúró lóko."

"Uṣu?" Bàbá mi wo màmá mi, wọ́n wo alùpùpù. "Lórí ọ̀dà yìí?"

"Ṣebí torí uṣu lẹ ṣe rà á."

"Nígbà yẹn, irin àlòkù ni. Wò ó báyìí! Ṣé irú èyí la máa ń di uṣu lé?"

Màmá mi mú òṣùká wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì lọ sí oko. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò lè tẹrí ba láti bọ́ bàtà. Àbúrò mi ló bá wọn bọ́ ọ. Bàbá mi wà níta, wọ́n ń nu ẹrẹ̀ tí kò sí lára taya.

Ó wá ku kí àlùfáà gbàdúrà lé alùpùpù náà lórí. Àlùfáà ní ọjọ́ Ìsinmi èyíkéyìí ti tó, ṣùgbọ́n bàbá mi yan ọjọ́ ìkórè, nítorí ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ìlú ń ti Èkó àti Àbújá wálé. Ohun ẹwà kò yẹ kí ojú díẹ̀ rí i.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, imọ̀ ọ̀pẹ la máa ń so mọ́ gbogbo ẹ̀bùn ìkórè, ìbáà ṣe iṣu tàbí ewúrẹ́, kí ó lè yàtọ̀ sí ẹrù ara ẹni. Ohun tí imọ̀ ọ̀pẹ bá ti wà lára rẹ̀ ti di ti Ọlọ́run, a ó sì lù ú ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn. Bàbá mi gbé alùpùpù wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀bùn náà láàárọ̀, wọ́n sì lọ jókòó síwájú. Nígbà tí ìsìn parí, imọ̀ ọ̀pẹ tútù ti wà lọ́rùn alùpùpù náà.

Aládùúgbò wa gbé ohùn sókè. "Ará, ẹ wo ohun tí Tíṣà ṣe fún Olúwa! Àwa mú àkùkọ wá, Tíṣà mú alùpùpù!"

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àlùfáà fúnra wọn sọkún. Bàbá mi dìde láti sọ̀rọ̀. Ìjọ rò pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ ni, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́. Kí ni ènìyàn lè sọ lẹ́yìn ìyẹn? Wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì jókòó.

Nígbà tí gbàǹjo kan alùpùpù náà, aládùúgbò wa tún ké: "Tíṣà, ẹ wá ṣíná sí i ká gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Bàbá mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi mu agbádá wọn. Alùpùpù náà wú ikọ́ lásán, ó sì dákẹ́. Àwọn ará Èkó tí wọ́n ti ń nawọ́ láti rà á sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Nígbà tí iye rẹ̀ ti wálẹ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ, ohùn kan dáhùn láti àárín àwọn obìnrin.

"Mo rà á."

Màmá mi ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kó àjọ wọn. Wọ́n rìn síwájú pẹ̀lú ọrùn gbọọrọ, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì nà án sí bàbá mi.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wa alùpùpù mi lọ sóko lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, alùpùpù náà gbà láti ké, wọ́n sì wà á lọ. Láti ìgbà náà, okùn iṣu ti ha ìlà wúrà náà kúrò, màmá mi sì ti ń fi ọrùn yíjú díẹ̀díẹ̀. A ti bi aládùúgbò wa léèrè. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. A bi màmá mi; wọ́n ní Ọlọ́run ní áńgẹ́lì púpọ̀. Bàbá mi ṣì ń bi gbogbo ẹni tó bá jókòó sí pálọ̀ wa, níwájú àbàwọ́n ọ́ìlì náà: ta ni ó so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọrùn alùpùpù yẹn?