Oko Tí Wọ́n Gbá Mọ́ Jù ní Ajue

Ọkọ mi ló gbé mi dé gáréèjì lọ́jọ́ náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá, ó sì ń kùn láti ilé títí dé ibẹ̀. Ó ní kí ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ń wá kiri lójú ọ̀nà Ore nítorí kòkòrò. Mo ní kó dákẹ́, pé ẹni tí kò mọ ohun tí kòkòrò ń ṣe fún un ni í bú kòkòrò. Tísà ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì fẹ̀yìntì.

Kí n tètè sọ ohun tí mo ń bá lọ. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì mú mi lọ sí àwọn oko kòkó ní agbègbè Odigbo, kí n máa bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n kó ìràwé sínú ọ̀rá, wọ́n fi nǹkan tó ń lẹ̀ kun pákó pẹlẹbẹ, wọ́n wá dẹ ẹ́ sábẹ́ igi láti fi mú kòkòrò. Gbogbo ilé tí a wọ̀ la ṣèlérí fún pé a ó padà wá sọ ohun tí a bá rí. Èsì ìwádìí náà jáde, wọ́n ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Ojú ewé mẹ́ta péré ni. Òun ló wà nínú báàgì mi.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ni wọ́n ń gbà láti Ìbàdàn sí Ore. Mo bẹ dírẹ́bà títí ó fi yọ ẹgbẹ̀rún kan kúrò. Àlàájì ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó ní, “Màmá, bí gbogbo èrò bá dà bíi yín, omi ni mo máa máa rọ sínú táǹkì.” A gba Ìjẹ̀bú-Òde já sí ojú ọ̀nà ńlá tó lọ sí Benin. Ibi tó dán wà níbẹ̀, ibi tó jẹ́ kìkì kòtò náà sì wà. Àwọn ọkọ̀ tó gbé gẹdú sì ń rọra wọ́ lọ níwájú wa, a ò lè yà wọ́n sílẹ̀. Ó ti lé ní aago mẹ́wàá kí a tó wọ Ore.

Ore kì í sùn, kì í sì í sinmi. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ti ń fa báàgì mi: “Benin! Ondo! Okitipupa! Mama, where you dey go?” Mo já ara mi gbà, mo wọ ilé oúnjẹ kan. Púpurú ni mo ní kí wọ́n fún mi, nítorí pé a kì í rí i nílé. Ohun tí àwa ń pè ní pákí, ẹ̀gẹ́ ni tiwọn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí á fi rọ̀, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó, wọ́n á yan án lókè iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ha ẹ̀yìn náà kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Òórùn èéfín wà lára rẹ̀ díẹ̀. Pẹ̀lú ẹja méjì, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, mo lá abọ́.

Ọlọ́kadà tó gbé mi láti Ore gba Odigbo lọ sí Ajue gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ọmọ Odigbo ni, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. “Ṣé ilẹ̀ lẹ wá rà ni, Màmá?”

Mo ní, “Rárá o. Mo mú èsì wá fún àwọn tí a wá bi léèrè lórí kòkó ni.”

“Háà, àwọn oníbéèrè! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi bàbá mi. Bàbá ti kú, kò rí ẹnikẹ́ni tó padà wá.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó sì tẹ iná mọ́ ọ̀kadà rẹ̀.

Ìyá Bùsọ́lá ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé orúkọ mi. Opó ni, ó tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Wọ́n ní ó wà lóko, mo bá a lọ síbẹ̀. Ilé la ti bi í léèrè nígbà yẹn, a ò dé oko rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí oko kòkó, mi ò rí irú èyí rí. Ìgbálẹ̀ ni obìnrin yìí fi ń gbá abẹ́ igi! Ewé kan kò sí nílẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́ bí àgbàlá ẹni tó ń retí àlejò.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko náà lẹ ń gbá báyìí?”

“Ẹ̀gbọ́n Tísà! Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà!” Ó dì mọ́ mi, òógùn rẹ̀ rin mí. “Àwọn ará ilé ọkọ mi ń bọ̀ wá wo oko lọ́la. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti kú, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin ò lè tọ́jú kòkó, pé màá jẹ́ kó di igbó. Mo ní kí wọ́n wá wò ó bóyá ewé kan wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó ò so mọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Òdòdó á yọ púpọ̀, gbogbo rẹ̀ á rẹ̀ dànù. Bàbá Akin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti sọ pé bí kò bá sí ìyàtọ̀, wọ́n á hú gbogbo rẹ̀, wọ́n á gbin ọ̀pẹ, oko á sì kúrò lọ́wọ́ mi.”

Inú mi bàjẹ́. Ohun tó wà nínú báàgì mi gan-an nìyẹn. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti le koko, mo fẹ́ parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá láti Ìbàdàn wá sọ òtítọ́ kò lè torí àánú gbé e padà. Mo ní kó jókòó.

“Òdòdó kòkó kéré, oyin ò lè wọ inú rẹ̀. Kòkòrò kan ló ń bá a ṣiṣẹ́, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó jọ kantíkantí. Òun ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti orí igi kan dé òmíràn, kí èso tó lè dúró. Inú ìràwé tó ti rà, inú èèpo kòkó àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà ló ń yé ẹyin sí. Èso tó bá ti dúdú lórí igi, ẹ ká a kúrò, àìsàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbá ilẹ̀ mọ́ jù, kòkòrò yẹn kò ríbi gbé.”

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀ tó gbá, ó wò ó títí. Ó ní, “Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbá oúnjẹ àwọn ọmọ mi dànù?” Ó bú sẹ́kún. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó sọ fún un. Èmi náà sunkún. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, “Ẹ ò ní lọ lónìí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lójú wọn. Bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, wọ́n á ní ọ̀lẹ ń wá àwáwí.”

Bí mo ṣe sùn ní Ajue nìyẹn, láìmú aṣọ ìyípadà kankan dání.

Ní òwúrọ̀, Bàbá Akin dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì nínú ẹbí. Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, etí mi ń mú díẹ̀, ó ń ju púpọ̀ nù. Ṣùgbọ́n wọ́n yí i sí Yorùbá gbogboogbò fún mi. Mo ka ìwé mi. Bàbá Akin gbọ́ ọ dé ìparí, kò dá mi lẹ́nu.

Ó ní, “Tísà, ẹ ṣeun. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ní kò tó ohun à á pọ́n àdá sí, òun ló wá ń bá kòkó bímọ?” Àwọn ọkùnrin méjì náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Bùsọ́lá ló dìde. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ìsàlẹ̀ oko, lẹ́bàá odò.” A tẹ̀lé e. Ó sọ fún wọn pé òun rí ejò níbẹ̀ lọ́dún tí ọkọ òun kú, ẹ̀rù kò jẹ́ kí òun gbá ibẹ̀ rí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wó lulẹ̀ níbẹ̀, ó ń jẹrà, ìràwé bo ẹsẹ̀ wa. Ọjọ́ kan náà ni ọkọ rẹ̀ gbin igi ibẹ̀ àti ti òkè. Ẹ wá wo èso! Láti ìdí dé ẹ̀ka, wọ́n so mọ́ra wọn.

Bàbá Akin fọwọ́ kan èso kan, ó tún kan òmíràn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ìyàwó wa, mo ṣèlérí fún àbúrò mi lórí àìsàn pé oko yìí ò ní parun. Ohun tí mo ń lé kiri nìyẹn, kì í ṣe ìwọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀pẹ ti wà nílé, mo sì ti fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rọ̀.” Ó bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ pẹ́. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé apá ìsàlẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ṣe é bí ìwé ṣe wí, ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ ẹ́ wò títí ìkórè tó ń bọ̀ á fi tán. Apá òkè, lẹ́bàá ọ̀nà, wọn yóò hú u lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Bùsọ́lá dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó tún dúpẹ́.

Ó sìn mí dé ojú ọ̀nà láti dúró de ọ̀kadà. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi ẹ̀ka kan fún mi, mo kọ̀, ó fi dandan lé e. Nígbà náà ló béèrè, ní pẹ̀lẹ́, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo ni ìwé yìí jáde?”

Mi ò sọ èyí fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ló ń tì mí. Ìwé náà ti wà lórí tábìlì mi fún ọdún kan ó lé díẹ̀. Orúnkún ń dùn mí, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ gbówó lórí, mo ní kí ó rọlẹ̀ ná. Òjò dé, mo ní kí ó dá. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí.

Kò bínú. Ó wo apá òkè oko náà. “Lọ́dún tó kọjá,” ó ní, “wọn ò tíì ra ọmọ ọ̀pẹ.” Ó bá mi gbé báàgì mi sórí ọ̀kadà, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi délé.

Gbogbo ọ̀nà ni mi ò fi bá dírẹ́bà kankan dúnàádúrà owó ọkọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìbàdàn. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò pọ̀: ẹni tí ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, òun náà ń hú igi olóko. Ilé mọ́kànlá ló kù tí a ṣèlérí fún. Mi ò tíì tú gèlè, mi ò tíì mu omi, mo ti ń tẹ fóònù ẹni kejì nínú ìwé orúkọ náà, bàbá arúgbó kan ní ẹ̀yìn Odigbo. Ó gbé e.

Mo ní, “Ẹ káalẹ́ o, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ti pinnu láti ṣe sí oko yín?”