Ajúwe àti Àtẹ̀jíṣẹ́ Orí Afárá

Ajúwe ni wọ́n ń pe dẹ́rẹ́bà takisí yìí ní gáréèjì, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Ẹ kàn ṣèèṣì bi í pé ọ̀nà wo ló lọ sí báǹkì, àfàìmọ̀ kó má sọ ìtàn gbogbo àdúgbò fún yín. Àlejò tó bá wọ mọ́tò rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ lásán: á sọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ fún wọn, á sọ ilé oúnjẹ tí àwọn dẹ́rẹ́bà fúnra wọn ti ń jẹun, á sọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kéèyàn jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú irin kí oòrùn má bàa pa á lójú. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tán, á tún tẹ ìyókù ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá wọn, ṣé ìwọ nìkan lo ni ìlú yìí ni?" Á rẹ́rìn-ín, á máa tẹ fóònù lọ.

Ibi tó fẹ́ràn jù láti júwe ni afárá onígi tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé àtijọ́. Kò fẹ̀ rárá, àmọ́ téèyàn bá dé àárín rẹ̀, gbogbo ìlú ló ń wò yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Ajúwe ti ń rán àlejò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n wá sọ ní gáréèjì pé pákó afárá náà ti jẹrà, pé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan já wọ inú rẹ̀ lánàá, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àwọn ará àdúgbò ta okùn dí ẹnu ọ̀nà, àwọn kan sì ti tú okùn náà lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni Ajúwe fa fóònù yọ, ó kọ ọ́ pé: "E ma gba ori afara onigi yen o." Ó fi ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ló bá kọjú sí búrẹ́dì rẹ̀.

Kò tíì gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì tí fóònù fi dún. Ìyá àgbà kan tó gbé láti ibùdókọ̀ ojú irin lánàá ló fèsì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá kí ọmọ rẹ̀. Ó ní: "O seun, omo mi. Emi ati omo-omo mi ti n lo sibe bayii."

Síbẹ̀ kẹ̀? Ajúwe ka ohun tó kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. E ma gba. Yéè! Kò fi àmì kankan sórí ẹ̀. Ẹ má gbà á ló wà lọ́kàn òun, ẹ máa gbà á ni ìyá kà. Ta sì ni ò ní kà á bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òun náà ló fi gbogbo ẹnu yin afárá ọ̀hún lánàá? "Mo gbé!" Ó pe ìyá. Ó ń dún, wọn ò gbé e. Ó tún un pè, pàbó ló já sí.

Bó ṣe wa mọ́tò débẹ̀, kò lè sọ. Ó mọ̀ pé òun já iná pupa kan, pé ẹnì kan sì bú bàbá òun. Gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú tó mọ̀ pòórá mọ́ ọn lórí, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Mo ti pa wọ́n. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa wọ́n."

Wọ́n ti wà lórí ẹ̀ nígbà tó débẹ̀. Ìyá àgbà pọn ọmọbìnrin kékeré náà, ó fọwọ́ kan di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, ó ń fi ìkejì tọ́ka sí ìlú. Ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin ló kù kí wọ́n dé ibi tí pákó ti ya. Ajúwe lanu láti pariwo pé ẹ má lọ, ló bá gbé e mì. Odò ń hó yee lábẹ́ afárá. Tí ìyá bá tún lọ gbọ́ ọ ní ẹ máa lọ ńkọ́? Ìpáyà mú àgbàlagbà ọkùnrin, ó dúró gbagidi, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní "ma" nínú.

"Ẹ dúró!" ló bú jáde. "Mọ́mì, ẹ dúró! Pákó ti jẹrà! Ẹ rọra padà!"

Ìyá dúró. Pákó han lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ bú sẹ́kún. Ajúwe ò gbọ́dọ̀ lọ bá wọn, pákó náà ò lè gbé ẹni mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu afárá, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń bẹ ìyá. "Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Ẹ di irin mú. Ẹ̀ ń bọ̀, ẹ̀ ń bọ̀." Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tó wọn, ó fà wọ́n sórí ilẹ̀, gbogbo wọn wó lulẹ̀ gbì.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ìyá ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa gba ibẹ̀?"

"Ẹ má gbà á ni mo kọ, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ìyá yọ fóònù nínú báàgì, ó wò ó. "Àmì ohùn dà níbí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn!" Ó yí ojú sí Ajúwe. "Èmi nìkan lo kọ ọ́ sí?"

Gbogbo àlejò tó gbé lọ́sẹ̀ náà ló fi ránṣẹ́ sí. "Ẹni mẹ́tàlélógún ni yín, Mọ́mì," ló wí. Ó sáré lọ fi takisí dí ẹnu afárá gbọnrangandan, ó pe nọ́ńbà àkọ́kọ́.

"Ajúwe, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ọkùnrin kan ló dáhùn, inú rẹ̀ dùn. "Mo ti dé ibi tẹ́ ẹ júwe fún mi."

Ajúwe gbójú sókè. Ní òdìkejì odò, ọkùnrin kan wà tó gbé fóònù sétí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí pákó.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀!"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní..."

"Ẹ gbé e kúrò, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Pákó ti jẹrà! Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kọjá!"

Ọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ padà. Ajúwe jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí. Ìyá àgbà wá jókòó tì í, ó gbé ọmọ sórí itan, ó wọ awò ojú rẹ̀. "Ó ku mọ́kànlélógún. Pe mọ́kànlá, ka nọ́ńbà mẹ́wàá fún mi, èmi á pè wọ́n. Má kọ nǹkan kan o. Pè wọ́n."

Ajúwe pe ẹni tó kàn. Bí fóònù ti ń dún, ó ń wo ojú ọ̀nà tó ti ìgboro wá, bóyá á rí àlejò mìíràn tó ń bọ̀.