Lápútọ́ọ̀pù Ọ̀gá Mi Tó Ń Gbóná

Ẹ̀rù ọ̀gá mi ń bà mí nígbà náà ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wa ní Festac. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, owó ìfẹ̀yìntì wọn ò sì tíì jáde, owó oṣù mi la fi ń jẹun. Ọ̀gá gbé lápútọ́ọ̀pù ọ́fíìsì lé mi lọ́wọ́ ní Àmúwò, ó ní, "Bó bá bàjẹ́, má wulẹ̀ padà wá." Ọkùnrin yẹn kì í ṣàwàdà. Torí fóònù ọ́fíìsì tó já bọ́ ló fi lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ṣáájú mi.

Kò pẹ́ tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mi ò lè gbé e lé itan. Fáànù inú ẹ̀ á máa kùn hùn-ùn, màá tẹ lẹ́tà kan, lẹ́tà náà ò ní jáde bọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn á kú fúnra ẹ̀ láàárín iṣẹ́.

Mọ́mì gbọ́ bí mo ṣe ń pòṣé nínú yàrá. "Kí ló dé?"

"Ó ń gbóná ni, Mọ́mì."

"Ó ń gbóná? Ta ló fọwọ́ kàn án ní ọ́fíìsì yín? Kì í ṣojú lásán o."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì! Kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe àjẹ́!" Inú ti ń bí mi. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ pọn omi.

Nígbà tí mo dé, mo tan lápútọ́ọ̀pù náà. Mi ò gbọ́ kíkùn fáànù. Ó gbóná fòò, òórùn kan ń jáde bí ìgbà tí èèyàn ń dín nǹkan, ó sì kú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀. Ó dákẹ́ lọ gbári. Iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ gbé síwájú ọ̀gá ní Mọ́ńdè wà nínú ẹ̀. Mo dì í sínú báàgì, ó di ọ̀dọ̀ ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mọ́mì ní àwọn á bá mi lọ. Wọ́n ń rìn lẹ́yìn mi, wọ́n di báàgì wọn mọ́ àyà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló ń dùn wọ́n.

Ẹnjiníà tú u palẹ̀ lórí tábìlì. Eruku ti di pọ̀ bí òwú lẹ́nu fáànù, ṣùgbọ́n eruku náà tutù. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn ẹ̀, ó wò mí. "Àǹtí, ta ló da òróró sí i?"

"Òróró kẹ̀? Òróró wo?"

Kí n tó yíjú padà, Mọ́mì ti kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, níwájú ọmọ tí wọ́n lè bí.

"Ẹnjiníà, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni. Ibi tí ooru ti ń jáde ni mo da òróró àdúrà sí. Mo ní kí Ọlọ́run pa iná ibẹ̀. Wọ́n á lé ọmọ mi níbi iṣẹ́."

"Yéè! Mọ́mì, ẹ dìde! Kí ni mo ṣe yín?" Bí ẹnjiníà ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja nìyẹn. Ta ni àgbàlagbà á kúnlẹ̀ fún tí ẹ̀rù ò ní bà? Èmi náà kúnlẹ̀, mo dì wọ́n mú. Gbogbo ìbínú tí mo kó jọ dà nù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ju èmi lọ.

Ẹnjiníà fi búrọ́ọ̀ṣì àti sípíríìtì nu gbogbo ẹ̀. Ó ní bí òróró ò bá tíì ba inú lọ́hùn-ún jẹ́, á jí, ṣùgbọ́n òun ò lè búra. Ó gbé e síwájú fáànù ńlá kó gbẹ. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń retí kí Mọ́mì gbàdúrà. Wọn ò gbà á. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, torí mi ò rí i rí.

Nígbà tó yá, ẹnjiníà tò ó padà, ó tẹ̀ ẹ́. Iná tàn. Fáànù yí. Mo dúró kí ó gbóná, kò gbóná. Iṣẹ́ mi wà níbẹ̀ pérépéré.

"Ọpẹ́ o!" ni mo pariwo. Mọ́mì yọ ìgò òróró nínú báàgì wọn, wọ́n nà án sí mi.

"Gbà, bá mi dà á nù. Mi ò mọ nǹkan tí mo tún lè fi ràn ẹ́ lọ́wọ́ mọ́."

Mi ò gbà á. Mo tẹrí ba níwájú wọn nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, lójú ẹnjiníà. "Mọ́mì, ẹ fi sí mi lórí."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìgò náà.