Àgádágodo Méjì Lórí Òkú Tíṣà Àjàgbé

Tíṣà Àjàgbé ti kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 1986 yìí, ó já bọ́ láti orí òrùlé gbọ̀ngàn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni ti Ìjọ Ìpè Òwúrọ̀, níbi tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ni. Afẹ́fẹ́ ló ṣí páànù mẹ́ta, òjò sì ti ń ṣú. Ó gbé àkàbà ti ara rẹ̀ kúrò nílé, ó fi ìṣó há ẹnu bíi káfíńtà, ó gùn ún. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Wọ́n gbé e dé ọsibítù láàyè, ṣùgbọ́n ó kú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ẹ ó bi mí pé kí ni àgbàlagbà ń wá lórí òrùlé. Èmi náà ti bi ara mi. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn rárá: kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ gùn ún.

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Mo ti kọ nípa kòtò tó wà ní Challenge títí kòtò náà fi di odò kékeré. Mo ti kọ nípa ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi ní Àpáta. N kì í retí èsì mọ́, mo kàn ń kọ ọ́ ni, bí èèyàn ṣe máa ń kí ẹni tí kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n ti Tíṣà Àjàgbé yìí, mi ò lè gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilé tó jẹ́. Ní ọdún 1929, nígbà tí igbó ṣì dí láti ibi tí à ń pè ní Bódìjà títí dé Agbowó, Bàbá Adégbìtẹ́ tó dá Ìjọ Ìpè Òwúrọ̀ sílẹ̀ pinnu pé ìjọ òun máa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀. Bàbá náà kò mọ̀wé. Aládùúrà paraku ni, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, àmọ́ ó ní ó ti sú òun kí ọmọ ìjọ òun máa tọrọ olùkọ́ lọ́wọ́ ìjọ ẹlòmíràn. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ló po amọ̀ létí odò, tí wọ́n mọ bíríkì, tí wọ́n sì sun ún nínú ààrò. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ bíríkì àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣó kọ orúkọ tiwọn sára tiwọn.

Bí àṣà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún náà, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá tí kò mọ bíríkì kan. A ó kọ orúkọ wa sí i, wọn ó sì tò ó sára ògiri, orúkọ á kọjú sínú gbọ̀ngàn. Bí ọdún mẹ́ta bá pé tí bíríkì sì pọ̀ tó, wọn ó fi fèrèsé kan kún ilé náà. Ilé náà kò ga, kò sì fẹ̀, ó kàn ń gùn lọ ni, fèrèsé mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé rélùwéè ló dúró sínú ọgbà.

Bí ẹnì kan nínú wa bá sì kú, inú gbọ̀ngàn yẹn la ó gbé pósí rẹ̀ wọ̀. Ẹni tí bíríkì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olóògbé ló máa fi omi àti aṣọ funfun wẹ bíríkì olóògbé. Lẹ́yìn náà la ó tó kọrin. Kò sí nínú ìwé ìsìn kankan. Aládùúrà ń ṣe é, Onítẹ̀bọmi ń ṣe é, Mùsùlùmí tó bá wa kàwé ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

Ìtàn ni Tíṣà Àjàgbé ń kọ́ wa, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Kì í gbé ìwé wọ kíláàsì ìtàn. Ó máa kó wa lọ sí gbọ̀ngàn, á gbọ́wọ́ lé bíríkì kan, á ní, "Ẹ wo Àrìnpé yìí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jáde níbí. Ó gun ẹrù lórí lọ́ọ̀rì lọ sí Ṣakí, ó sì kọ́ ọmọ àwọn ènìyàn ní ABD títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Ẹ sọ fún mi, ta ni ẹ rò pé ó ṣe ìtàn jù ú lọ?" Bíríkì olórúkọ ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó mọ gbogbo wọn, ó mọ ẹni tó ti kú, ó mọ ẹni tó wà ní Kàdúná, ó mọ ẹni tí kò kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀.

Nígbà tó kan èmi láti mọ tèmi ní ọdún 1957, omi pọ̀jù nínú amọ̀ mi. Ó sán nínú ààrò. Mo tún un mọ, ó tún sán. Tíṣà wò mí, kò pariwo. Ó ní, "Ìwọ, wọ́n máa kọ́lé lé ọ lórí o. Po amọ̀ yẹn dáadáa." Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó gbà á lọ́wọ́ mi. Bíríkì náà ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ fèrèsé kẹsàn-án, òun sì ni ohun kan ṣoṣo tí mo fi ọwọ́ mi ṣe tó dúró.

Báwo wá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe di aláìlólúwa? Ẹ fara balẹ̀, nítorí àwa nìkan la lè ṣe irú àṣìṣe yìí láyé. Nígbà tí ìjọba ń gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ, wọ́n ní kí ìjọ kọ gbogbo ohun tó jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Ìjọ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìsìn ọjọ́ Àìkú máa ń wáyé nínú gbọ̀ngàn nígbà náà, wọ́n bá fo gbọ̀ngàn, wọ́n ní ilé ìsìn ni, kì í ṣe ti ìjọba. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọ kọ́ ilé ìsìn tuntun tó lẹ́wà sí Bódìjà, wọ́n kó lọ síbẹ̀. Wọ́n wá jókòó kọ gbogbo ilé tí ìjọ ní sílẹ̀. Wọ́n tún fo gbọ̀ngàn, wọ́n ní inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló wà, ti ìjọba ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìwé kankan lórílẹ̀-èdè yìí tó mọ̀ pé gbọ̀ngàn náà wà.

Òjò mọ̀ pé ó wà. Òun kò já a jù sílẹ̀ lọ́dún kan.

Tíṣà fẹ̀yìn tì, ó gba yàrá méjì sí Agbowó kí ó lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ wo ilé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Ó kọ sí ìjọ, ìjọ ní kí ó kọ sí ìjọba. Ó kọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ilé ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì ní kí ó kọ sí ìjọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi gbá a síwá sẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá a lóhùn, ó tún máa ń kọ lẹ́tà láti dúpẹ́ pé wọ́n dáhùn. Mo ti ka àwọn lẹ́tà náà. Kò sí ọ̀rọ̀ ìbínú kan nínú wọn, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ó gbé wọn wá fún èmi náà. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gun òkè wá bá mi ní ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀, tó ní kí n bá òun kọ ọ́ sójú ewé yìí. Mo ra mínírà fún un. Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, sà, a máa rí i ṣe." Ó ṣàdúrà fún mi, ó lọ. Mi ò rí i ṣe. Àwa ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí a ní lọ́yà, tí a ní dókítà, tí a ní ọ̀gá àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, a ń ṣe ìpàdé wa lọ́dọọdún ní hòtẹ́ẹ̀lì, a ń kọ orin kọ́lẹ́ẹ̀jì, omijé ń bọ́ lójú wa. Ìṣó mélòó la kàn mọ́ òrùlé?

Mo lọ kí opó rẹ̀, Ìyá Wándé. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọn kò sunkún.

"Mo ní kí wọ́n má gùn ún," ni wọ́n wí. "Mo ní, Bàbá Wándé, ẹsẹ̀ yín ò lágbára mọ́, ẹ jẹ́ ká wá káfíńtà. Wọ́n ní káfíńtà ní ó di ọ̀la. Wọ́n ní, 'Ìyá Wándé, omi ti ń wọ ara bíríkì Àrìnpé.' Bí wọ́n ṣe gbé àkàbà nìyẹn."

Obìnrin tí wọ́n ń wí yìí ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, ìjọ rán ènìyàn wá, wọ́n ti àgádágodo sí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ní ọjọ́ kẹta, ọ́fíìsì ìjọba náà rán ènìyàn wá, wọ́n ti àgádágodo tiwọn mọ́ ọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni ilé fi jò, kò ní olúwa. Ó pa èèyàn kan péré, ó di ilé olúwa méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, la gbé òkú Tíṣà dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn. A ti bẹ ìjọ, a ti bẹ ìjọba. Kò sí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ wá. A gbé pósí sórí tábìlì méjì nínú oòrùn, àlùfáà sáré gbàdúrà. Ìyá kan tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tí kò mọ̀ wá rí, gbé bẹ́ǹṣì jáde fún Ìyá Wándé kí wọ́n lè jókòó.

Alhaja Bàdírátù ti Ìwó Road ni bíríkì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Tíṣà. Ọdún tí Tíṣà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Alhaja jáde, wọ́n jọ tò ó papọ̀ ní ọdún 1950. Ó gbé abọ́ omi àti aṣọ funfun wá láti ilé. Ó fa àgádágodo àkọ́kọ́, ó fa èkejì. Ó wò mí.

"Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ẹ ò lè já nǹkan yìí ni?"

Mo ní, "Alhaja, ọlọ́pàá máa kó wa ni."

"Kí wọ́n kó wa," ni Alhaja wí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mira nínú wa. Mo ní láti kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó bá gbé abọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó ń ka fèrèsé láti ìta títí ó fi dé ìkeje, ibi tí bíríkì Tíṣà wà. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko, ó ki aṣọ bọ omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ara ògiri tí wọ́n ti rẹ́ ní símẹ́ńtì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn yín ni mo rí wẹ̀." Ìgbà yẹn ni Ìyá Wándé tó sunkún. Lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí itẹ́ òkú.

Mo lọ bá akọ̀wé ìjọ, Alàgbà Olúsọjí, ní ọ́fíìsì wọn tuntun ní Ring Road. Wọ́n gbà mí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n, ilé ìjọba nìyẹn. Àwa kàn tì í kí nǹkan míì má baà ṣẹlẹ̀ ni."

"Ṣé ilé onílé lẹ wá lọ ń tì pa, Alàgbà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo wa la fẹ́ràn Bàbá."

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀gbẹ́ni Adébísí tó wà nídìí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ṣí i sílẹ̀ níwájú mi. "Ẹ wò ó fúnra yín, sà. Kíláàsì mẹ́jọ, dormitory mẹ́ta, ilé olùkọ́ mẹ́fà, ṣáláńgá mẹ́rin. Kò sí hall níbẹ̀. Hall yẹn ò exist lọ́dọ̀ tiwa."

"Kí lẹ wá ti àgádágodo mọ́, tí kò bá exist?"

"Safety ni, sà," ó wí, ó sì pa ìwé dé.

Wọ́n rántí ka ṣáláńgá. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ fún ìyẹn. Ilé tí ẹni tí kò mọ̀wé fi àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ò rí i kọ sílẹ̀.

Mi ò béèrè àwòrán Tíṣà lára ògiri ibì kankan. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ títì lórúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sọ títì lórúkọ rẹ̀ á tún jẹ́ kí ó bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, mo sì ń dárúkọ ẹni tí mo fẹ́ ẹ lọ́wọ́ rẹ̀: Alàgbà Olúsọjí fún ìjọ, Ọ̀gbẹ́ni Adébísí fún ìjọba. Ẹ má rán ẹlòmíràn. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún yìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí olúkúlùkù yín mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wá, kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún Alhaja Bàdírátù. Èmi náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú káfíńtà. Nígbà tí Alhaja bá wẹ bíríkì náà tán, kí ẹ gbójú sókè wo ihò tó wà lórí òrùlé, kí ẹ sì yíjú sí Ìyá Wándé, kí ẹ sọ fún wọn ẹni tó ni ihò yẹn.