Káyáàkì Ará Òkè

Johannesburg kò ní òkun, kò ní ọ̀sà, odò tó ní kò sì ju èyí tí ewúrẹ́ lè fò kọjá láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Èyí kò dí wa lọ́wọ́. Nínú ọgbà ilé tí mò ń gbé ní Fourways, ẹni tí kò bá gbé káyáàkì kọ́ sára ògiri ibi tó ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó. Ọkọ̀ ike tóóró ni káyáàkì. Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń gbà. Yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ìyá àgbà tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, yóò sì máa fi àjẹ̀ olójú méjì gbá omi lọ́tùn-ún lósì.

Tèmi pupa rúsúrúsú. Mo ra fìlà tó bá a mu, mo ra dígí ojú, mo ra ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó, mo ra ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ẹja abẹ́ omi hanni. Nígbà tí mo gbé e lọ sí adágún kan lẹ́yìn ìlú, ẹ̀rọ náà fi ẹja púpọ̀ hàn mí. Ó dá mi lójú pé àwọn ẹja náà rí èmi náà, nítorí kò sí èyí tó sún mọ́ mi. Fọ́tò ni mo kó bọ̀ wálé.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Òkè ló yí ìlú wa ká. Omi tó jìn jù lọ tí mo mọ̀ ní kékeré ni ti inú àmù ìyá mi. Mo lọ sí yunifásítì, ohun tí mo sì kọ́ dójú àmì níbẹ̀ ni bí ènìyàn ṣe ń fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ló kó mi sí wàhálà.

Mo fẹ́ fẹ́ obìnrin kan. Ó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Hillbrow, èdè mẹ́rin ló fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, ó sì ń fi ìkarùn-ún, èdè Ìlàjẹ tí wọ́n ń sọ nílé wọn, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Apẹja ni bàbá rẹ̀, orí omi ni wọ́n bí wọn sí, ilé wọn sì dúró lórí òpó nínú omi títí dòní. Bàbá yìí ti lé ọkùnrin méjì dànù lọ́dọ̀ ọmọ yìí kan náà: ọ̀kan nítorí irọ́, èkejì nítorí pé ó jẹ ẹja, ó sì fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú abọ́.

Nígbà tí bàbá béèrè lórí fóònù irú ènìyàn tí mo jẹ́, ọmọ wọn, tó ti rí fọ́tò mi, dáhùn pé, “Ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, Bàbá, ṣùgbọ́n apẹja ni.”

Mo wà níbẹ̀. Mi ò tako ọ̀rọ̀ náà.

“Ará Èkìtì?” ni bàbá wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Apẹja?”

“Ní òpin ọ̀sẹ̀, sà.”

“Mò ń bọ̀ wá wò ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lórí omi ni màá ti mọ̀ bóyá màá fún ọ lọ́mọ.”

Wọ́n sì wá lóòótọ́. Ní pápákọ̀ òfuurufú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, bí a ti ń kí àna ní ilé wa. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá, ó rò pé mo dákú. Bàbá wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ní ilé ọmọ wọn ní Mayfair, wọ́n ṣí ẹ̀rọ amóhuntutù, wọ́n rí páńlá tó gan bí igi. “Ẹja tó ti gbàgbé orúkọ ara rẹ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n sì pa á dé. Lọ́jọ́ kejì, ní ilé mi, wọ́n fi ìka gbá káyáàkì mi lára.

“Ọpọ́n ìfọṣọ ta nìyí?”

“Ọkọ̀ ni, sà.”

“Hẹn.”

Ibi tí mo yàn ni ọ̀sà kan ní àríwá Durban, níbi tí òkun ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Mo di káyáàkì mọ́ orí mọ́tò. Ní gbogbo róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbẹ̀, tó bá pọ́n, àwọn awakọ̀ tákísì ń fọn fèrè sí wa. Bàbá jókòó níwájú. Afárá tí a bá ti kàn, wọ́n á béèrè pé, “Ṣé ibí ni?”

“Ó kù, sà.”

“Ẹ̀ ń rin odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó dé ẹnu iṣẹ́?”

Nígbà tí a dúró ra epo, ọmọ wọn fà mí sẹ́yìn mọ́tò. “Má lọ ra ẹja lọ́nà o. Bàbá mi mọ ojú ẹja ju ojú ènìyàn lọ.”

“Ta ló fẹ́ ra ẹja?”

“Eish. Ìwọ ni.”

Òótọ́ ló sọ. Mo ti rí ilé ìtajà ẹja méjì, mo sì ti fi ọkàn sàmì sí èkejì.

Alẹ́ ni a débẹ̀, a sì sùn sí ilé àlejò kan létí omi. Kí n má bàa tẹ́, mo ronú pé kí n ti pa ẹja kan, ó kéré tán, kí bàbá tó jí. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo gbé káyáàkì sómi ní èmi nìkan. Igi ẹ̀gbà bo etí ọ̀sà náà, gbòǹgbò wọn yọ sókè láti inú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Mo wọ àárín wọn, mo tan ẹ̀rọ mi. Ẹja! Wọ́n pọ̀ débi pé ojú ẹ̀rọ náà dúdú. Mo ju ìwọ̀, ó há. Mo já a, mo ju òmíràn, ó há. Oòrùn yọ, mo ti pàdánù ìwọ̀ méje, kò sì sí ìpẹ́ kan lọ́wọ́ mi.

Nígbà náà ni mo gbọ́ tí omi ń dún pẹ̀lẹ́. Ọkọ̀ onígi kan yọ láti ẹ̀yìn igi. Bàbá ló wà nínú rẹ̀, lórí ìdúró, wọ́n ń fi ọwọ́ kan tù ú bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Wọ́n ti fi ọwọ́ bá arúgbó apẹja kan sọ̀rọ̀ ní èbúté, onítọ̀hún sì ti yá wọn ní ọkọ̀ rẹ̀ láìgbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n gbé ọwọ́ sókè. Ṣùgbọ́n àna mi ló dúró níwájú mi, òwúrọ̀ ni, n kò sì tíì kí wọn. Ara mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ orí. Mo ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn, mo na ọwọ́ síwájú, mo dọ̀bálẹ̀.

Káyáàkì kò mọ àṣà. Ó yí padà pẹ̀lú mi ní ẹ̀ẹ̀kan náà.

Fìlà lọ. Dígí lọ. Ẹ̀wù ìléfòó gbé ìdí mi sókè, ó sì fi orí mi sílẹ̀ fún omi. Nígbà tí mo rí èémí díẹ̀, mo ké pé, “Bàbá, mi ò mọ̀wẹ̀!”

“Dìde dúró.”

“Ẹ gbà mí, sà!”

“Mo ní dìde, kí o dúró.”

Mo dìde. Omi náà dé ìgbáròkó mi. Ó ti ń padà sí òkun láti ìdájí, èmi kò mọ̀. Bàbá na àjẹ̀ wọn, wọ́n fi tọ́ka sí okùn ìwọ̀ mi tó lọ́ mọ́ igi. “Gbòǹgbò lò ń fi ìwọ̀ pa láti àárọ̀.”

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“O ti pẹja rí?”

“Rárá, sà.”

“Kí lo wá ń wá lórí omi?”

Ẹrẹ̀ wà ní ẹnu mi. Kò sí àyè fún gírámà. “Ọmọ yín ni, sà.”

Mo rí i pé ọkọ̀ wọn ń mì, mo rò pé ìgbì ni. Èjìká wọn ló ń mì. Ẹ̀rín náà jáde níkẹyìn, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí ẹ̀gbà.

“Láti ìgbà tí mo ti ń tukọ̀,” ni wọ́n wí, tí wọ́n ń nu ojú, “wọ́n ti kí mi láti ojú fèrèsé, wọ́n ti kí mi láti inú àwọ̀n. Ẹnì kan kò tíì torí kíkí mi rì sómi rí.” Wọ́n fi àjẹ̀ fa káyáàkì mi mọ́ra, wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n tún gbá a lára. “Sọ fún àwọn ènìyàn rẹ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ. Kí wọ́n gba ọ̀nà ilẹ̀ wá. Kí wọ́n sì ka ọpọ́n yìí mọ́ ẹrù ìyàwó.”

Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ìwé ẹrù dé, káyáàkì wà níbẹ̀ láàárín oyin àti iyọ̀, wọ́n sì kọ “pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀” sí ẹ̀gbẹ́. Inú àpótí ẹrù ojú omi ni mo fi òun àti ẹ̀wù ìléfòó mi ránṣẹ́, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí káyáàkì náà rí òkun dáadáa. Ìyàwó mi fi fọ́tò hàn mí láìpẹ́ yìí: bàbá dúró ṣánṣán nínú káyáàkì tí wọ́n ṣe fún ìjókòó, wọ́n ń ju àwọ̀n. Ìyá ìyàwó mi jókòó sórí ẹ̀wù ìléfòó mi, wọ́n ń yan ẹja.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo máa ń pe bàbá láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí ògiri mi ti ṣófo tí àwọn aládùúgbò sì ti ń fi ojú àánú wò mí.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Ṣé orí ilẹ̀ lo wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dáa. Dọ̀bálẹ̀.”

Mo sì ń dọ̀bálẹ̀.