Màmá Kọ-ọ́-sílẹ̀ àti Fláàṣì Inú Agolo

Ká má purọ́, àwọn aládùúgbò tó mọ orúkọ tí ìyá yìí ń jẹ́ gan-an kò pọ̀ mọ́. Màmá Kọ-ọ́-sílẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bí ọmọ bá ti ń jáde báyìí, kí wọ́n tó gé ìwọ́ rẹ̀, ohùn ìyá á ti dún: "Aago mélòó? Kọ ọ́ sílẹ̀!" Nọ́ọ̀sì kan dán an wò nígbà kan, ó ní kó fọkàn balẹ̀, òun á rántí tó bá yá. Màmá wò ó títí, ó ní, "Orí ẹ tó gbàgbé ibi tó bọ́ bàtà sí láàárọ̀ yìí?" Nọ́ọ̀sì náà sáré mú bírò.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí nínú yàrá oníbùsùn mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Gbogbo ọmọ tó gbà ló kọ sínú ìwé ńlá, ìwé mẹ́rìnlá lápapọ̀. Ó fi rúlà pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́fà: orúkọ ìyá, orúkọ bàbá, ọjọ́, aago, ìwọ̀n ọmọ, àti bóyá ọmọ náà ké lójú ẹsẹ̀ tàbí kò ké. Kò sí àyè tó gbọdọ̀ ṣófo.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kò fẹ́ràn ẹni tó máa ń ṣe fínnífínní jù, àmọ́ n kò lè bá ìyá yìí wí. Bó bá ti kọ nǹkan sílẹ̀, orí rẹ̀ á fúyẹ́, á gbé e kúrò lọ́kàn, á kọjú sí ọmọ tó kàn. "Ìwé ló ń bá mi rántí," ló máa ń wí. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè dúró pẹ́ mọ́, ó ti yàrá náà pa. Kò pẹ́ tí ikán fi rí ọ̀nà débẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ̀yìn ìwé kẹta, wọ́n ti ń wọ inú rẹ̀ lọ kí Màmá tó mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ìlú mìíràn ló gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún un, ó ní kó tẹ gbogbo ìwé náà sínú rẹ̀ kí ikán lè fi ọgbọ́n mìíràn wá a. Ìka méjì ni Màmá fi tẹ ìwé mẹ́rìnlá náà. Ó gbà á lọ́dún méjì gbáko.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọmọ náà ra fláàṣì kékeré kan tí wọ́n á máa ṣe ẹ̀dà sí. Kí ìyá rẹ̀ má baà máa wá nǹkan kiri inú ẹ̀rọ, ó fi àwòrán fódà kan, àpò tí à ń kó ìwé sí, síwájú gan-an lójú kọ̀ǹpútà, ó kọ "Ìwé Ìbí" sábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ní láti wọ inú lọ́hùn-ún rárá. Ẹ ṣáà tẹ èyí, ohun gbogbo á ṣí. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì yìí, ó parí."

Màmá dán an wò lójú ẹsẹ̀. Ó ṣe ẹ̀dà, ó tẹ èyí tó wà nínú fláàṣì, gbogbo orúkọ jáde láti orí ọmọ àkọ́kọ́ dé orí ti ìgbẹ̀yìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó kó àwọn ìwé tó ti di ilé ikán lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tó dáná sun wọ́n. Ẹ má tíì bú u o.

Ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, kò pa ọjọ́ Ẹtì kan jẹ. Á wẹ̀, á wọ gíláàsì rẹ̀, á fi fláàṣì sí ẹ̀rọ, á ṣe ẹ̀dà, á yọ ọ́, á dá a padà sínú agolo mílíìkì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ náà kì í gba ìṣẹ́jú kan. Ó tiẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n jọ pààlà: ohun tí òun fi ọdún méjì tẹ̀, kéèyàn tó ṣẹ́jú ó ti wọ inú nǹkan tí kò tó ìka ọwọ́! Ẹlòmíì ì bá bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tó fi yá tó bẹ́ẹ̀. Màmá kò bi ara rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan ni obìnrin kan kanlẹ̀kùn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Màmá, ìyá mi kú lóṣù méjì sẹ́yìn. Kó tó kú, ó ní òun kọ́ lòun bí mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ìtàn náà kò gùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìyá tó tọ́ ọ dàgbà wá bímọ sínú yàrá Màmá, ọmọ náà kò sì rí alẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ yẹn kan náà ni obìnrin tó wà ní ibùsùn kejì bí ọmọbìnrin kan. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin yìí ní òun fẹ́ lọ ra ọṣẹ. Kò padà wá. Wọ́n retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, ẹni tí ọmú rẹ̀ kún tí kò rí ọmọ fún ló gbé ọmọ tí kò rí ìyá. Orúkọ ẹni tó gbé ọmọ náà ló wọ ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ibì kan ṣoṣo láyé tí orúkọ ẹni tó lọ ra ọṣẹ wà ni ìwé Màmá.

Màmá rántí ọ̀ràn náà. Ta ni yóò gbàgbé irú rẹ̀? Ó rántí ọmú tó ń sun wàrà sára aṣọ, ó rántí ibùsùn kejì tó ṣófo. Orúkọ nìkan ni kò sí lórí rẹ̀, kò sì dà á láàmú.

"Jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Ó wà nílẹ̀."

Ó tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀, tá, tá, tá, bí ẹni fi èékánná kan tábìlì. Màmá pa á, ó tún un tàn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló tàn án, awakọ̀ náà sì ti ń wo aago.

"Má jẹ́ kó ká ọ lára," Màmá ní. Ó nawọ́ gbé agolo sọ̀kalẹ̀, ó mì ín létí obìnrin náà. "Ṣé o gbọ́? Orúkọ ìyá ẹ ló ń dún yẹn. Bí ẹ̀rọ bá kú, ẹ̀dà ò kú. Padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Obìnrin náà gba agolo náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kó tó dá a padà. Bó ṣe di agolo yẹn mú ni Màmá kò lè gbàgbé títí dòní.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò náà ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Rédíò ló ń tún ṣe kí kọ̀ǹpútà tó gbòde. Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é, torí gíláàsì méjì ló máa ń wọ̀ léra wọn bó bá ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tú ẹ̀rọ Màmá, ó yọ àwo tí ẹ̀rọ ń kó ìrántí sí jáde, ó ṣí i hàn án. Àwo tó yẹ kó máa dán bíi dígí ti ha yíká.

"Màmá, ká ní ẹ pa á nígbà tó kọ́kọ́ ń dún yẹn ni, bóyá à bá rí nǹkan yọ nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tàn án?"

"Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá."

Onígíláàsì mí kanlẹ̀. "Bó ṣe ń ha ara ẹ̀ lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè ka èyí mọ́."

"Kò burú, àbúrò. Mo ní ẹ̀dà."

Ojú ọkùnrin náà là. "Ẹ káre, Màmá! Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń wá síbí, mẹ́sàn-án kì í ní." Ó fi àwo tuntun sínú ẹ̀rọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo ètò rẹ̀ padà sí i. Wákàtí méjì ni Màmá fi jókòó sórí àpótí, agolo rẹ̀ lórí itan, tó ń bá a tàkúrọ̀sọ nípa àwọn rédíò ayé àtijọ́. Ara rẹ̀ yá gágá.

Onígíláàsì fi fláàṣì sí i. Àwòrán fódà náà yọ, "Ìwé Ìbí" sì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Òun nìyẹn!" ni Màmá pariwo.

Onígíláàsì tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ síta pé òun kò rí ohun tí wọ́n ń wá. Ọkùnrin náà wo bí ohun tó wà nínú fláàṣì ṣe tóbi tó, kò tó nǹkan. Ó bọ́ gíláàsì kan.

"Màmá, ta ló kọ́ yín ní ẹ̀dà ṣíṣe?"

"Ọmọ mi ni. Kí ló dé?"

"Ohun tó fi sójú kọ̀ǹpútà fún yín, kì í ṣe fódà. Àmì tó ń júwe ibi tí fódà wà ni. Bíi kéèyàn kọ àdírẹ́sì ilé sórí pépà. Àdírẹ́sì lẹ ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ilé wá ti wó báyìí, pépà ló kù lọ́wọ́ yín."

"Mo dán an wò! Ó ṣí!"

"Nílé yín lẹ ti dán an wò, Màmá. Ó ṣí torí ohun tó ń júwe ṣì wà nínú ẹ̀rọ nígbà yẹn."

Ó fẹ́ fi àwàdà tù ú nínú, ó ní kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe, ẹni tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe ìrésà. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ibi tó fọkàn tẹ̀ jù lomi gbà wọlé, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó ní kí ọkùnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wò ó. Ó ní kó fi sí ẹ̀rọ mìíràn. Ó fi sí i. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ló ti pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó rò fún un.

"Màmá, mo ṣe é bẹ́ẹ̀ kó lè rọrùn fún yín ni."

"Ó rọrùn," ni Màmá dáhùn, ó pa fóònù.

Inú bí i sí ọmọ náà, ó sì mọ̀ pé kò jẹ̀bi, ìyẹn wá mú inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú, ó ṣí yàrá tó ti tì pa. Eruku bo ibùsùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó jókòó sórí ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó mú pépà àti bírò, ó ń kọ orúkọ obìnrin níkọ̀ọ̀kan, bóyá ọ̀kan á jọ ohun tó ń wá. Kò sí èyí tó jọ ọ́. Ó rántí síkáàfù aláwọ̀ búlúù kan, inú rẹ̀ ti fẹ́ máa dùn, ló bá tún rántí pé ti obìnrin tó bí ìbejì ni. Ó rántí bírò tó fi kọ orúkọ náà, bó ṣe ń da yíǹkì sí i lọ́wọ́. Bírò ló rántí! Àwọn ọmọ tó gbà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, kò fi orúkọ ìyá kankan sórí, torí ìwé ló ń bá a rántí.

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀, èrò kan wá sí i lọ́kàn. Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ó kọ orúkọ kan sórí pépà tó mọ́, orúkọ dáadáa tó dùn lẹ́nu. Awakọ̀ náà á gbà á, á dúpẹ́, á máa fi pe ìyá rẹ̀ lọ́kàn. Á sì máa bi èèyàn léèrè ẹ̀ láti ìlú dé ìlú, títí tí òun náà yóò fi darúgbó. Ẹni tí kò kọ irọ́ sílẹ̀ rí láyé rẹ̀ jókòó ti pépà náà, ó ń wò ó. Ó fà á ya, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ó ku wákàtí kan kí ilé ìwé tó jáde nígbà tí awakọ̀ náà dé. Ó ti ra ìwé tuntun kan, ó ti ra bírò.

"Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ ọ́," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá kò jẹ́ kó jókòó kó tó sọ ọ́, torí ó mọ̀ pé bó bá jókòó, òun kò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ó sọ ti àwo tó ha, ó sọ ti àdírẹ́sì, ó sọ ti ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ sun. Ó bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó dúró síbẹ̀, ìwé tuntun náà ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n béèrè ẹyọ kan yìí. Orúkọ ti lọ, mo gbà. Kó tó lọ ra ọṣẹ yẹn, ṣé ó gbé mi? Ṣé ó tiẹ̀ gbé mi mọ́ra rí?"

Màmá la ẹnu. Ó fojú inú wo ojú ìwé tó fi rúlà pín fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n: orúkọ ìyá, orúkọ bàbá, ọjọ́, aago, ìwọ̀n, igbe. Ká ní ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá dìde nínú eérú lójú ẹsẹ̀ yẹn, kò sí àyè kan nínú wọn tó lè dáhùn ìbéèrè yìí.

"N kò kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí.

Obìnrin náà mi orí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó fi bírò sápò, ó wo aago. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ á ti máa tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, ó sì ní láti lọ gbé wọn fún àwọn ìyá wọn.